"Investigate" àbí "investigate into": ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dá lẹ́tà yín padà

Àǹtí tẹ́ ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí DPO ní Mushin lórí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jí ní ṣọ́ọ̀bù yín, tẹ́ ẹ ní ṣé "investigate the theft" ni àbí "investigate into the theft", ẹ yọ "into" yẹn jàre. Ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí ló máa tẹ̀ lé "investigate" tààrà. "Investigate on" náà ò dáa.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an torí ojú mi rí màbo ní báńkì kan ní Marina. ATM ò yọ owó, wọ́n sì ti yọ ọ́ nínú àkáǹtì mi, owó iléèwé ọmọ mi sì ni o. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ "kindly investigate the failed withdrawal". Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní kọ́ńtà fi bírò pupa yí i, ó ní "into" dà, àwọn ò gba lẹ́tà tí ò pé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun ní gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi tí mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìyànà-Ìpájà, tí gósíló ti lù mí pa lórí Third Mainland, ni wọ́n ní kí n lọ tún lẹ́tà tẹ̀, iléèwé ń pè mí, owó ò tíì sí níbì kankan, torí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀! Ìgbà tí mo figbe ta ni ọ̀gá ẹ̀ jáde, ìyá yẹn wo lẹ́tà tòun ti bírò pupa, kò sọ̀rọ̀ kankan, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Ohun tó ń dà wọ́n lórí rú ni pé "investigation" máa ń gba "into": "an investigation into the theft". "Look into" àti "inquire into" náà, ẹ ò lè yọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n wá ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. "Probe" gba méjèèjì, àmọ́ àwọn oníwèé ìròyìn ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún, ó kúrú, ó wọ àkọlé wọn.

Ẹ sì ṣọ́ra o, ẹ má kọ "investigate my neighbour", ẹ ti nàka sí èèyàn nìyẹn, tí ò bá sì jẹ́ òun ńkọ́? Olè jíjà tó wáyé ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wádìí, ẹni tẹ́ ẹ fura sí, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìdí ẹ̀. Àdírẹ́sì àti déètì, ìyẹn ò le. Nọ́ńbà tó wà lára jẹnẹrétọ̀ yẹn, ẹ wá a, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ó lè wà nínú rìsíìtì tẹ́ ẹ fi rà á. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú owó bírò àti pépà wá, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ mú bírò tiyín lọ. Kópì méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ sí tiyín, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ ẹ̀ sí i.