Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Jọ́gíráfì ayé láti orí pápá ilé-ìwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jọ́gíráfì SS1 lé mi lọ́wọ́ ni. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì, máàpù ayé kan ṣoṣo tí a ní sì ti ya. Kí ni kí n sọ fún wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Báwo ni mo ṣe lè to iṣẹ́ táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? — *Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi olú-ìlú orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè há igba olú-ìlú sórí kó má sì mọ ìdí tí òtútù fi ń mú ní Norway tí ooru ń mú ní Ìjẹ̀bú. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ béèrè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kò ní fi kọ iṣẹ́ mìíràn; kó máa kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun tó bá wọ̀n; kó má wo ìwé ẹlòmíràn kọ ìwọ̀n. Ẹ fún ìwé yìí ní máàkì nínú CA (máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á pa á tì kí oṣù tó parí. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́tàlá, mẹ́rin-mẹ́rin.

Oòrùn ni kí ẹ fi ṣe táàmù kìíní, nítorí pé ní nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù September, oòrùn máa ń wà lókè ìlà agbedeméjì ayé gan-an. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ri igi kan mọ́lẹ̀ lórí pápá tó tẹ́jú, kó ku mítà kan gééré lókè ilẹ̀. Kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn, kí wọ́n fi wò ó bóyá igi náà dúró ṣánṣán. Láti aago 12:15 títí di 1:00, kí wọ́n máa fi èèkàn kékeré sàmì sí orí òjìji ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Òjìji tó kúrú jù ló ń tọ́ka sí àríwá tààrà, kò sì ní ju bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé aago méjìlá géérégé ni wọ́n ń lọ wọ̀n ọ́n. Aago Nàìjíríà kì í ṣe aago Ìjẹ̀bú. Lọngitúùdì (ìlà tí a fà láti àríwá dé gúúsù ayé) dígírì 15 ni wọ́n gbé e lé, ìlà tó gba ìhà Kamẹrúùnù kọjá lẹ́yìn ààlà wa. Bíi dígírì 3.9 ni Ìjẹ̀bú-Òde wà. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ dígírì 11.1, dígírì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, èyí tó fún wa ní ìṣẹ́jú 44. Ṣùgbọ́n ní ìparí September, oòrùn máa ń fi bí ìṣẹ́jú méje yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ máa retí ọ̀sán gangan ní nǹkan bí aago 12:37. Ìṣirò tí wọn ì bá há sórí fún ìdánwò ti dé ojú pápá nìyẹn.

Kí wọ́n tún un wọ̀n ní àárín December, yóò ti tó bíi sẹ̀ǹtímítà 57. Ní June, òjìji ọ̀sán á yí padà sí gúúsù, á sì jẹ́ bíi 30. Àwọn ọmọ á jiyàn lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n tún lọ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún wọn pé ní ọjọ́ 23 September yẹn kan náà, òjìji irú igi yìí jẹ́ bíi 58 ní Káírò, ó sì jẹ́ bíi 126 ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ìwé kan. Ọmọ tó bá yà á á rí i pé ìtànṣán oòrùn ń dagun bí a ṣe ń lọ sí àríwá, pé ó ń tàn ká ilẹ̀ tó pọ̀, ìyẹn ni agbára rẹ̀ fi ń dínkù.

Ọjà ni kí ẹ lò ní táàmù kejì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan, kó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí máàpù. Gààrí Ìjẹ̀bú: ẹ̀gẹ́ tí a fi ṣe é ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, àwọn Potogí ló sì gbé e wá sí Áfíríkà. Búrẹ́dì: àlìkámà kò fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin wa, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹja okporoko ló dùn-ún kọ́ jù. Ní erékùṣù Lofoten ní Norway, wọ́n ń so ó kọ́ síta láti February títí di May láìfi iyọ̀ sí i. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kó jẹrà, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ti ìhà gúúsù wá kì í sì í jẹ́ kí òtútù náà le débi tí ẹja á fi di yìnyín tí ẹran ara rẹ̀ á bàjẹ́. Bí a bá so irú rẹ̀ kọ́ sí Ìjẹ̀bú, kò ní pẹ́ rà.

Òjò ni ti táàmù kẹta. Ẹ wá ike omi tí ara rẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú ìyókù bí àrọ. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sí ìdí ike náà títí dé ibi tó ti dọ́gba. Ibẹ̀ ni òdo. Kí ẹnu rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ga kúrò nílẹ̀, kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí i, kó sì jìnnà sí ilé tàbí igi ní ìlọ́po méjì gíga wọn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lojoojúmọ́ ni kí wọ́n ka bí omi òjò ṣe ga tó láti òdo, kí wọ́n da omi náà nù títí dé òdo. Sátidé àti Sọ́ńdè ló máa ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ìyẹn lé ọmọ tó ń gbé nítòsí lọ́wọ́.

Ní ti máàpù tó ya, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé bí Greenland bá tóbi bí Áfíríkà lórí rẹ̀, irọ́ ni: Áfíríkà fi bí ìlọ́po 14 jù ú lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń gba òdo nínú ìbéèrè gradient (bí ilẹ̀ ṣe dagun tó). Mo sì mọ fọ́múlà. — *Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ìjẹ̀bú-Igbó*

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ló ń dà ọ́ láàmú. Lórí ọ̀pọ̀ máàpù Nàìjíríà àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi kọ gíga ilẹ̀, mítà ni ìwọ sì fi ń wọn ọ̀nà. Ká ní gíga fi 150 ẹsẹ̀ bàtà yàtọ̀, tí ibi méjèèjì sì fi sẹ̀ǹtímítà 3 jìnnà síra lórí máàpù 1:50,000. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà 500, nítorí náà ọ̀nà jẹ́ mítà 1,500. Sọ 150 ẹsẹ̀ bàtà di mítà: ó jẹ́ 45.7. Pín 1,500 sí 45.7, o máa rí 1 nínú 33. Bí o kò bá sọ ọ́ di mítà, 1 nínú 10 lo máa kọ. Òkè tó le gan-an nìyẹn, kò sì sí i lórí máàpù náà.

Bí ọ̀nà bá wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, fi òwú rírán wọ̀n ọ́n. Tẹ ẹ́ mọ́ kọ́nà kọ̀ọ̀kan, má fà á le.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi mú jọ́gíráfì. Kí ni kí n rà fún un? — *Ìyá, Ṣàgámù*

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ra pẹ́ńsù HB méjì, rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà tó hàn kedere, ike ìwọ̀n igun, òwú funfun, rọ́bà ìparẹ́ àti ìwé átíláàsì tí kò tíì gbó púpọ̀. Ẹ yẹ átíláàsì náà wò kí ẹ tó sanwó: bí Gúúsù Sudan kò bá sí nínú rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí ó tó di July 2011 tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira.