Ìbàdàn bí àlejò

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ilé àti ibiṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan rìn ín, kí ara mi sì nà?
Olùkà wa, Mókọ́lá

Ìdáhùn: Layípo, ilé gogoro nì, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, lórí Òkè Àrẹ̀mọ, láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú. Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1936 ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó sì ń yí po. Ẹni tó bá sáré gùn ún ni òòyì ń kọ́, nítorí náà ẹ rọra máa fọwọ́ tọ́ ògiri. Bí ẹ bá dókè, ẹ wo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ súà, kí ẹ sì wá Cocoa House alájà 26 láàárín wọn.

Ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, kí ẹ gun òkè Mápó. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó nínú rẹ̀, ìta lẹ máa mọ. Àwọn òpó iwájú rẹ̀ ṣáà tó wò.

Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ gbé omi lítà kan àbọ̀ àti owó ṣéńjì dání. Àmàlà di ọ̀sán o! Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kó tó gun òkè, òun ló mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbà Agodi ti tó.