Kòńgẹ́ ni àbí èèṣì? Ìdáhùn fún ẹni tí ife fọ́ mọ́ lọ́wọ́

Arábìnrin kan béèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin léra tóun bá ta jí lóru tóun wo fóònù, aago 3:16 gééré ló máa ń jẹ́, Jòhánù 3:16 ló sì máa ń wá sóun lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sátidé, ife gíláàsì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní kíṣìnnì, bó ṣe fọ́ báyìí ni fóònù dún, ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń pè. Kò gbé e. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní kò sí èèṣì láyé ọmọ Ọlọ́run, kó lọ gbàdúrà gidi lórí ife yẹn. Ó ní ṣé òótọ́ ni, kí sì ni ìyàtọ̀ èèṣì sí kòńgẹ́ tí wọ́n máa ń gbà ládùúrà.

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ ná. Èèṣì ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbèrò. "Mo ṣèèṣì tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ ni, ẹ má bínú." Ọmọ tó ṣèèṣì da ọbẹ̀ nù, a kì í nà án bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dà á. Kòńgẹ́ ní tiẹ̀, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé, èèyàn àti èèyàn, tàbí èèyàn àti àsìkò. "Mo délé yín lánàá, a ò ṣe kòńgẹ́", ìyẹn ni pé èmi wá, ẹ̀yin ti jáde. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gbàdúrà pé ká ṣe kòńgẹ́ ire, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó gbàdúrà pé kóun ṣe èèṣì ire rí. Èyí tó bá burú, àgbákò la máa ń pè é. Tá a bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ́wọ́ tó wọlé wẹ́rẹ́, a ó ní "ẹ̀mí ẹ á gùn o, ìsinyìí la dárúkọ ẹ tán", a ó rẹ́rìn-ín, a ó fún un ní àga, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń ṣe fíjìlì lé e lórí.

Pé kò sí èèṣì rárá, Bíbélì tá à ń kà ò sọ bẹ́ẹ̀. Oníwàásù 9:11 ní ìgbà àti èṣe ló ń ṣe sí gbogbo èèyàn, èṣe yẹn ò sì jìnnà sí èèṣì tá à ń sọ yìí. Rúùtù ńkọ́? Ó jáde lọ ṣa ọkà báálì torí ebi, kò mọ oko ẹni tóun wọ̀, ìwé yẹn kàn sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán pé ibi tó bọ́ sí jẹ́ oko Bóásì, kò sí áńgẹ́lì, kò sí àlá, kò sí ohùn láti ọ̀run. Àtọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì la sì ti dé ọ̀dọ̀ Dáfídì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún rántí pé ìyá ọkọ ẹ̀ ló tẹ̀ lé dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Èyí tó wù mí jù ni ti Lúùkù 10. Jésù ní "ní alábàápàdé" ni àlùfáà kan ń gba ọ̀nà tí wọ́n ti lu ẹnì kan bí ẹni máa kú. Àlùfáà yẹn ṣe kòńgẹ́ o! Ó rí ọkùnrin náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Jésù ò wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ kí ló dé tí wọ́n fi pàdé, ohun tí kálukú ṣe nígbà tó débẹ̀ ló ń bi wá.

Ti aago 3:16 yẹn, mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹsẹ yẹn dáa láti rántí lóru, ẹ kà á kẹ́ ẹ padà sùn. Àmọ́ Jòhánù ò fi nọ́ńbà kankan sí ìwé ẹ̀ o, ọdún 1551 ni Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, tẹ Májẹ̀mú Tuntun tó pín sí ẹsẹ oní-nọ́ńbà tá à ń lò dòní. Ìgbà tẹ́ ẹ jí tí aago lu 2:47, ẹ ti gbàgbé ẹ̀, 3:16 nìkan lẹ mú dání. Tó bá wá di pé aago lẹ̀ ń ṣọ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ jáde nílé, Diutarónómì 18:10 ní orúkọ tó ń pe ìyẹn, alákìyèsí-ìgbà, kò sì pè é ní ire.

Ṣé kò wá sí ìtumọ̀ kankan nínú kòńgẹ́ nìyẹn? Ó wà. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, bàbá ẹ̀ bá ogun yẹn lọ, wọ́n tà á títí ó fi dọ́wọ́ àwọn Potogí, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822 tí wọ́n gbé e lọ Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ó tó bí ọdún 25 kó tó tún fojú kan ìyá ẹ̀, ní Abẹ́òkúta, 21 August 1846. Màmá àti arákùnrin ẹ̀ ló wá a wá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ pé nígbà tí màmá rí òun, ṣe ni wọ́n ń gbọ̀n, àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù hangogo. Lójú ìwé kan náà ló ti kọ ọ́ pé ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ yẹn nínú àlímánáàkì òun ni èyí tó ní Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, àti pé òun ò mọ agbára ẹsẹ yẹn rí tó bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. (Lọ́dún 1848 tí ìyá ṣèrìbọmi, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ìyẹn ò jọ kòńgẹ́ lójú tèmi, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni.)

Ẹ wò ó dáadáa, Crowther ò ṣí àlímánáàkì kó lè sọ ibi tí ìyá ẹ̀ wà fún un. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò mọ̀ ọ́n rí. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán ló wo ẹ̀yìn, tó rí ẹsẹ yẹn, tó dúpẹ́. Bí Kristẹni ṣe ń ka kòńgẹ́ nìyẹn lójú tèmi, à ń fi dúpẹ́, a kì í fi dá Ifá. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi mú ẹlẹ́ṣẹ̀, ibi tọ́rọ̀ ife yín ti bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà ní "àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe gidi ni tí wọ́n bá fi ń tọ́ka sí ẹni tó halẹ̀ tó sì ṣe é. Àmọ́ ẹ gbé e sórí ìyá arúgbó tó kàn fẹ́ béèrè àlàáfíà ọmọ, ife fọ́, ìyá pè, ta ni ò mọ̀ pé... ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Ọwọ́ yín lọ́ṣẹ, ife bọ́, ó tán.

Èmi náà ti jẹ́rìí èké rí, bí mo ṣe ń pè é nìyẹn báyìí. Èmi àti kọ́ńdọ́kítọ̀ kan jà lórí ṣéńjì l'Ọ́jọ́ta, mo fìbínú bọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀sì yẹn ò rìn jìnnà tó fi lọ forí sọ tírélà. Mo gorí pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday, mo jó, mo ní Ọlọ́run yọ mí torí pé tiẹ̀ ni mí. Lẹ́yìn ìsìn, màmá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "ọmọ mi, àwọn tó kù sínú ọkọ̀ ńkọ́, ti ta ni wọ́n?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lúùkù 13 ni mo lọ kà nígbà tí mo délé, ilé ìṣọ́ Sílóámù tó wó pa èèyàn 18, Jésù ní wọn ò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Mo ṣì ń dúpẹ́ o, mi ò kàn tún fi sọ pé mo sàn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àǹtí, ẹ wo abẹ́ fìríìjì dáadáa, àfọ́kù gíláàsì máa ń sá síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ bá a. Kẹ́ ẹ pe màmá padà, ẹ ní ọwọ́ yín ló dí lọ́jọ́ náà, ó ṣe tán òótọ́ ni, ilẹ̀ lẹ̀ ń gbá. Ẹ wá sọ fún wa ohun tí wọ́n tiẹ̀ tìtorí ẹ̀ pè.