Èsì fún ẹni tó fẹ́ ra àwòrán ẹyẹ àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Àbúrò, o kú ìbéèrè. O ní wọ́n fẹ́ ta àwòrán ẹyẹ àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà fún ọ, pé ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí tì í. O fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Gbé ìwé ẹ̀rí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ ń lu òǹtẹ̀ lé ohun tí wọn ò tiẹ̀ gbé sí ìmọ́lẹ̀. Wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Bí o bá rí tóótòòtó wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ òde òní ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kùn, ọ̀dà rẹ̀ á yọ kọjá ìlà díẹ̀, á ṣú létí níbi tó gbẹ sí. Yẹ ẹ̀yìn wò pẹ̀lú: àwọ̀ ewé tí wọ́n fi ìpẹtà bàbà ṣe sábà máa ń jó bébà, á pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn. Àmọ́ ṣọ́ra, àwọn kan ń kun àwòrán àtijọ́ tí kò ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀. Àtè inú bébà bẹ́ẹ̀, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà rì wọnú rẹ̀, ti kú, ọ̀dà tuntun á rì wọnú rẹ̀, á sì tàn káàkiri.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìwà àwọn tó ń ṣe férémù. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó látòkè délẹ̀, wọ́n á gé etí rẹ̀ kó lè wọlé, wọ́n á wá tẹ gíláàsì mọ́ ọn lójú. Ẹ̀bá ọ̀sà là ń gbé! Bébà fẹ́ wú, gọ́ọ̀mù ò jẹ́ kó rìn, ló bá ká kò. Ọ̀rinrin há sábẹ́ gíláàsì, ó bu. Ẹlòmíì á ní kí o fi omi fọ̀ ọ́. Má gbọ́! Oje igi ni wọ́n fi po ọ̀dà yẹn, omi ló ń tú u. Ìyẹ́ ẹyẹ á ṣàn lọ lójú rẹ. Jáfẹ́lì, omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, ńkọ́? Bébà gan-an ló máa jẹ.

Etí òkè nìkan ni kí wọ́n ti so ó mọ́ páálí ẹ̀yìn, ojú méjì péré, pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́ ti Japan àti sítáàṣì àlìkámà. Kí páálí olówùú tí kò ní ásíìdì wà láàárín òun àti gíláàsì. Lẹ kọ́ọ̀kì sẹ́yìn férémù kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 1. Sẹ́lótéèpù, rárá.

Bí wọ́n bá tún fi àwòrán ewéko "ilẹ̀ Benin" lọ̀ ọ́, láti inú ìwé Palisot de Beauvois, onímọ̀ ewéko ará Faransé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1804, má tìtorí orúkọ náà fi owó kún un. Ìbíní àti Warri ti Nàìjíríà ló ń sọ, kì í ṣe Benin tiwa. Dàhòmì ni ilẹ̀ wa ń jẹ́ títí di 1975.

Ní kí ẹni tó ń ta àwòrán ẹyẹ náà yọ ọ́ kúrò nínú férémù níṣojú rẹ kí o tó sanwó. Bó bá kọ̀, fi í sílẹ̀ fún un.