Ìbéèrè Yín: Rélùwéè Inú Géèmù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ṣe ọkọ̀ ojú irin tó máa ń gba Ọ̀fà kọjá, Trainz, géèmù ọkọ̀ ojú irin yẹn, ni mo fẹ́ lò ó fún, àmọ́ tó bá dé kọ́nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í yà. (Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Àbúrò, ó jọ pé o lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ni. Yọ ọ́, bógì, ìyẹn férémù tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀, gbọ́dọ̀ dá dúró ní tiẹ̀, kó o wá fi àmì ojú ìsopọ̀ méjì tó ń jẹ́ a.bog0 àti a.bog1 sára ọkọ̀, ibẹ̀ ni géèmù máa so wọ́n mọ́, wọ́n á sì máa yà fúnra wọn. Tún wo fífẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn o, irin àtijọ́ tó gba Ọ̀fà, 1,067 mm ni, ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun ló jẹ́ 1,435, ẹni tí ò bá wò ó, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀ á kàn máa léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ni, kò dáa lójú rárá.