Kí ni owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ nínú àrokò?

Àrokò ni ohun tí àwọn Yorùbá máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn láyé àtijọ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló dé tí owó ẹyọ mẹ́fà fi jẹ́ àrokò ìfẹ́. Ṣé ó kàn wu àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Ohùn ọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ̀fà ni, "fà" sì wà nínú rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn: ẹ̀jọ, èrò wa jọ. Àmọ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ bá rí mẹ́ta, kó yáa mọ̀ pé wọ́n ti ta òun nù.

Iye nìkan kọ́ là ń wò. Owó ẹyọ ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Méjì tó kọjú síra ń sọ pé ká ríra. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà dé nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹni tó ń sín in fi gbọ́dọ̀ so ó le. Bí okùn bá dẹ̀ tí ẹyọ yí lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ ti di ọ̀tá kí ìránṣẹ́ tó dé.

Ní 1887, wọ́n tẹ àlàyé àrokò kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ọmọ ọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ l'Ékòó. Ẹyọ mẹ́fà ni, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, ìyẹ́ ẹyẹ ló sì gba inú wọn kọjá. Ẹ̀fà ní: mo fà ọ́ mọ́ra, ìwọ náà sún mọ́ mi. Ìyẹ́ sì rèé, òun là ń fi ro etí: kí ọ̀rọ̀ mi wọ̀ ọ́ létí, kí o tètè wá.

Àwọn ará Sumer àtijọ́, ní ilẹ̀ Ìráàkì òde òní, dá irú ọgbọ́n yìí. "Ti" ni wọ́n ń pe ọfà, "ti" náà ni wọ́n ń pe ẹ̀mí, wọ́n bá ń fi àmì ọfà kọ ẹ̀mí. Ibẹ̀ ni àwòrán ti ń di ìwé kíkọ. Àrokò dé ẹnu ọ̀nà yẹn, kò wọlé. Gbìyànjú kí o fi owó ẹyọ sọ pé "mú ogún iṣu wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀", wàá rí i pé kò ṣeé ṣe, àfi tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti jọ mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, èmi ò ní pè é ní ìwé kíkọ tó pé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń pè é ní àmì lásán ò gbà á rò.

Kì í kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá ohùn lọ. Owó ẹyọ kan ṣoṣo, ìpèníjà ni, kò sí eré ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.