Màmá àti àwọn ìbejì ń lọ sórí òkè tútù: kí ni kí wọ́n wọ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni mò ń gbé, àmọ́ Ṣágámù ni mo wà báyìí pẹ̀lú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún méje. Iléyá la wá ṣe. Tá a bá ń padà, màmá mi ń bá wa lọ. Lóṣù Keje, ọkọ mi fẹ́ kó gbogbo wa lọ sórí Pikes Peak ní Colorado. Màmá ní ìró àti bùbá pẹ̀lú súwẹ́tà kan ti tó àwọn, pé àwọn ò bẹ̀rù ọyẹ́. Kí ni kí n rà?
Ìyá Ìbejì

Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Denver ni mo ti ń tọ́ ọmọ. Mo ti mú màmá tèmi náà gun òkè yẹn, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa. Denver ga tó 1,609 mítà, orí Pikes Peak jẹ́ 4,302. Bí èèyàn bá ṣe ń gun 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, ooru a máa fi nǹkan bí 6°C wálẹ̀. A lè máa làágùn nísàlẹ̀ láàárọ̀, kí yìnyín máa bọ́ lé wa lórí lókè lọ́sàn-án, nínú oṣù Keje náà.

Nígbà àkọ́kọ́ tá a lọ, síngílẹ́ẹ̀tì òwú ni mo wọ̀ fún ọmọ mi ọkùnrin, mo wá fi jákẹ́ẹ̀tì ńlá bò ó. Ó sáré káàkiri ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí a tó gbéra, ó làágùn. Bí afẹ́fẹ́ òkè ṣe fẹ́ lù ú, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì: síngílẹ́ẹ̀tì ti tutù rinrin, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Mo bọ́ ọ, mo wọ súwẹ́tà gbígbẹ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, mo dá jákẹ́ẹ̀tì kan náà padà sí i lọ́rùn. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi móoru.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí òwú kan ara ẹnikẹ́ni. Ànkárá, àdìrẹ, tíṣáàtì, gbogbo wọn ló ń mu òógùn, ìyẹn ló sì mú wọn dára fún ooru ilé wa. Lókè yẹn, omi tí wọ́n mu ló máa di òtútù. Aṣọ irun àgùntàn tàbí pólísítà tí àwọn eléré ìdárayá ń wọ̀ ni kó kan ara. Kí súwẹ́tà tẹ̀ lé e. Kí jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti òjò kò lè wọ̀ wà lókè pátápátá. Irun àgùntàn dára gan-an, torí bó tiẹ̀ tutù, ó ṣì ń mú ara móoru.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn olókìrìkà, ní Ṣágámù níbẹ̀ tàbí ní Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ yẹ ọrùn súwẹ́tà wò. Tí wọ́n bá kọ wool sí i, ẹ ná an. Jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà, ẹ fi wọ́n dúró de Houston. Kí bàtà má fún o. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó fún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọmọ ìka.

Ní ti ìró Màmá, ẹ má bá wọn jà. Màmá tèmi náà kọ ṣòkòtò. Táìtì irun àgùntàn ni mo wọ̀ fún wọn lábẹ́, wọ́n ró ìró wọn lé e, mo fi píìnì há etí rẹ̀ níbi méjì torí afẹ́fẹ́. Gèlè nìkan kò tó, fìlà onírun ni kí wọ́n kọ́kọ́ dé, kí ìborùn wá bò ó. Fún àwọn ìbejì, ẹ ra ìbọ̀wọ́ tí kò ya ìka: ìka tó bá wà pa pọ̀ ń móoru ju èyí tó dá wà lọ. Kí gbogbo yín ní gíláàsì dúdú, torí yìnyín ń da oòrùn padà sójú. Ẹ gbé òrí dání fún ètè, afẹ́fẹ́ Colorado gbẹ. Ṣùgbọ́n òrí kì í dí oòrùn, ẹ ra ìpara oòrùn kún un.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí: ẹ wo jẹ́nótáìpù gbogbo yín kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú lókè yẹn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti Ṣágámù. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gòkè láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. AS kì í sábà rí wàhálà, ṣùgbọ́n bí ìrora bá mú un lábẹ́ ìhà òsì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ bi dókítà léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá náà, bí wọ́n bá ní in. Orí fífọ́ tó ń le sí i, èébì, òòyì: ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n fara dà á torí fọ́tò.

Ẹ sun ọjọ́ méjì ní Denver kí ara kọ́kọ́ mọ́ gíga. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa dé ránṣẹ́ sí mi. Ìbọ̀wọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì tó ti kéré sí àwọn ọmọ mi wà nílé, wọ́n á bá àwọn ìbejì mu.